Mítà alábẹ́rẹ́ YX-360TR, fún ẹni tí sẹ́ńsọ̀ throttle ń fi ojú rẹ̀ rí màbo

Dùgbẹ̀ ni mo ti ra mítà tí a fi ń wọn iná yìí, owó tí mo san lé e kò sì tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Mo ní mítà onínọ́ńbà kan nílé tí owó rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, mo fẹ́ràn ìyẹn náà, mi ò sì ní tà á. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ pé ká mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ throttle (èyí tó ń wo bí ọwọ́ iná ṣe ṣí tó) ara alùpùpù ògbólógbòó ṣì ń sọ òótọ́ fún brain box, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, èyí tó pọ́ọ́kú yìí ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́ mú. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ tinú tòde, torí ó ń dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi owó gidi ra pọ́ǹpù epo àti brain box tí alùpùpù wọn kò béèrè lọ́wọ́ wọn.

YX-360TR ni wọ́n kọ sí ojú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, àmọ́ ìrísí kan náà ni gbogbo wọn ní: ike tó mọ́ gaara lójú, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kọ́ńbù ńlá tí èèyàn ń yí láàárín, ihò nísàlẹ̀ fún wáyà pupa àti dúdú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ní ìsọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe rí ti rí i. Èmi náà kọ́ṣẹ́ rédíò ní Mọ́kọ́lá nígbà ọ̀dọ́ mi, kí n tó di ẹni tó ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ gbé irinṣẹ́ kiri. Irú mítà yìí ni ọ̀gá mi fi kọ́ wa. Ohun tó máa ń tẹnu mọ́ fún wa ni pé ká má kàn wo ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí, ká wo bó ṣe rìn débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba alùpùpù mi là.

Suzuki V-Strom DL650 ni alùpùpù náà, ti ọdún 2007, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ẹ́ńjìnnì 645 cc ló wà nínú rẹ̀, sílíńdà méjì tó ya bíi V, kò sì ní kabúrétọ̀. Nọ́sùlù ló ń fọ́n epo. Iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe. Ó ń gbé mi láti Ìbàdàn gba Mọ́níyà, gba Ìjàyè, dé Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú ẹrù irinṣẹ́ lẹ́yìn, kì í sì ṣàárẹ̀. Àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì. Tí mo bá ń sáré tó dúró sójú kan, tí ọwọ́ ọ̀tún mi kàn ṣí throttle díẹ̀, ní nǹkan bíi 4,000 rpm (ìyípo ẹ́ńjìnnì láàárín ìṣẹ́jú kan), á fà sẹ́yìn, á ta síwájú, á tún fà sẹ́yìn. Tí mo bá fún un níná gidi, á lọ fáú, kò ní sí wàhálà kankan. Sílò rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mi ò fún un níná, kò dúró: á gòkè, á sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wá gbóná, tí mo dúró ní oríta tí ọkọ̀ ti dí, á kú mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, iná FI tó wà níwájú, tó ń kìlọ̀ àṣìṣe ẹ́ńjìnnì, kò tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Èèyàn gidi ni, kò sì sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe lára kabúrétọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ rí?”

“Àbúrò, epo ni. Epo tí wọ́n ń tà fún wa báyìí, omi wà nínú rẹ̀.”

A da epo nù, a fọ táńkì, a ra epo níbòmíràn. Kò yí padà. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Kò yí padà. Àwọn tó jókòó sí ṣẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ̀ràn fún mi: ọ̀kan ní pọ́ǹpù epo ni, òmíràn ní nọ́sùlù ti dí, ẹ̀kẹta ní brain box ni, pé òun mọ ẹni tó máa bá mi wá òmíràn. Oníwáyà kan gbé ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò dé, ó wò ó, ó ní kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, brain box kò kọ àṣìṣe kankan sílẹ̀. Lára Suzuki yìí, àmì C14 ni brain box máa ń gbé jáde tí ìròyìn sẹ́ńsọ̀ throttle bá ti kúrò níbi tó yẹ kó wà, bíi ká sọ pé wáyà já tàbí wáyà kanra. Tí ìròyìn yẹn bá kàn já lójú ẹsẹ̀ tó sì padà, brain box lè má ka á sí nǹkan kan. Á kàn gbà pé èmi ni mo dá throttle padà, á sì dín epo kù. Ohun tí mo ń rí lójú ọ̀nà nìyẹn gẹ́lẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ throttle kò le láti yé èèyàn. Ike dúdú kékeré ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ throttle body (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), lábẹ́ táńkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ fún brain box bí throttle ṣe ṣí tó, kí brain box lè mọ iye epo tí nọ́sùlù máa fọ́n àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa ta iná. Wáyà mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀. Ọ̀kan ń gbé fóòtì 5 wá láti brain box, ọ̀kan jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kẹta ló ń gbé ìròyìn padà lọ. Nínú ike yẹn, ọ̀nà kábọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ọwọ́ irin kékeré ń rá lórí rẹ̀ bí throttle ṣe ń yí. Ẹni tó bá ti tú fólúùmù rédíò àtijọ́ rí ti rí nǹkan yìí, torí ohun kan náà ni wọ́n. Ẹ rántí bí fólúùmù tó ti jẹ ṣe máa ń ṣe: ẹ yí i, ohùn á ha, á dákẹ́, ẹ sún un díẹ̀ sí i, ohùn á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kábọ́ọ̀nù inú sẹ́ńsọ̀ ṣe ń jẹ, àmọ́ nítorí kò sí sípíkà tó máa pariwo, ẹ́ńjìnnì ló máa fi ara sọ ọ́.

Ibi tó sì ti máa ń jẹ ni ibi tí ọwọ́ ń pẹ́ sí jù. Nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ìwó Road, lójú ọ̀nà eléruku tó ní kòtò, lórí títì tí èèyàn ti ń rọra lọ, ta ló ń ṣí throttle tán? Ìbẹ̀rẹ̀ ìṣísílẹ̀ yẹn náà ni ọwọ́ irin ń rá lọ rá bọ̀ lórí rẹ̀, ọdún dé ọdún. Apá òkè, níbi tí throttle ti ṣí gbayawu, ṣì lè dà bí tuntun. Ìdí nìyẹn tí alùpùpù fi ń ṣe dáadáa tí wọ́n bá fún un níná, tó sì ń jẹ́ẹ̀kì tí wọ́n bá rọra ń lọ. Ẹni tó bá rí àpẹẹrẹ yìí lára alùpùpù tó ti pẹ́, kó má tíì ra ohunkóhun. Kó kọ́kọ́ gbé mítà.

Mítà wo wá ni? Mítà onínọ́ńbà mi ni mo kọ́kọ́ gbé sí i, ó sì fún mi ní nọ́ńbà tó bá ìwé mu. Nígbà tí throttle wà ní pípadé, fóòtì 1.1 àti díẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i tán, fóòtì 4.3 tàbí kó fi díẹ̀ dín. Ìwọ̀n tó yẹ kí DL650 gbé jáde nìyẹn. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ máa sọ pé sẹ́ńsọ̀ yè kooro. Àmọ́ òpin méjèèjì nìkan ni nọ́ńbà wọ̀nyí sọ, wọn kò sọ ohun tó wà láàárín. Ọ̀pọ̀ mítà onínọ́ńbà tó wọ́pọ̀ máa ń yí nọ́ńbà ojú wọn padà bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí fóòtì bá já lulẹ̀, tó sì padà kíákíá, ó lè jẹ́ àárín ìyípadà méjì ló bọ́ sí, ojú mítà kò sì ní fi hàn. Kódà tó bá fi hàn, nọ́ńbà ti ń sáré tẹ́lẹ̀ torí throttle ń yí: 1.31, 1.58, 1.02, 1.77. Ojú wo ló máa ṣa 1.02 yẹn jáde? Abẹ́rẹ́ kò dúró de àkókò ìyípadà kankan. Bí fóòtì ṣe ń gòkè ló ń gòkè, tí fóòtì bá já, á mì, ojú á sì rí i.

Mítà onínọ́ńbà kan wà tó ní ìlà kékeré tó ń gùn tó ń kúrú lábẹ́ nọ́ńbà, òmíràn wà tó lè rántí nọ́ńbà tó kéré jù lọ tó rí. Ìyẹn dára ju nọ́ńbà lásán lọ. Ọsiloskóòpù ló dára jù láyé, yóò ya àwòrán ibi tó ti já gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ọsiloskóòpù, ẹ kò nílò èmi.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. A gbé iwájú táńkì DL650 sókè, a fi tọ́ọ̀sì tanná síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: sẹ́ńsọ̀ méjì tó jọ ara wọn ló wà lára throttle body yìí. Ọ̀kan ni ti throttle tí ọwọ́ ń ṣí. Ìkejì jẹ́ ti àwọn abala tí mọ́tò kékeré ń ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ yí ọwọ́ throttle, kí ẹ wo èyí tí ọ̀pá tó wọ inú rẹ̀ ń bá ọwọ́ yín yí, òun ni. Ẹ má yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ máa ti bọ píìnì tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà títí á fi kan irin. Ẹ má gún ara wáyà. Wáyà tí ẹ bá gún lónìí, omi òjò máa wọ ibẹ̀, á dípẹtà, ẹ ó sì ti fọwọ́ ara yín dá àìsàn tuntun sílẹ̀.

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tanná sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé mítà sí ipò DC fóòtì 10. Wáyà dúdú lọ sí ẹsẹ̀ òdì bátìrì, wáyà pupa lọ sí píìnì. Nínú wáyà mẹ́ta yẹn, èyí tó wà ní fóòtì 5 tí kò mì ni brain box fi ń bọ́ ọ. Èyí tó wà ní òdo, tàbí tó sún mọ́ òdo gan-an, ni ẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń gòkè bí ẹ ṣe ń ṣí throttle ni ìròyìn. Ẹ fara balẹ̀ wo méjì àkọ́kọ́ kẹ́ẹ tó fẹ̀sùn kan sẹ́ńsọ̀. Tí fóòtì 5 kò bá pé, tàbí tí ẹ́ẹ̀tì bá ń gbé fóòtì tó ṣeé rí lórí mítà, ẹ̀bi wà lára wáyà tàbí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, sẹ́ńsọ̀ tuntun kò sì ní wò ó sàn. Alùpùpù tó ti rí òjò bíi ti tiwa, ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń dípẹtà láìjẹ́ pé ó hàn lójú.

Tèmi, fóòtì 5 pé, ẹ́ẹ̀tì mọ́. Mo wá gbé píìnì sí wáyà ìròyìn. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ throttle mú, kó máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, kó má kánjú, kó gbà á ní àkókò tí èèyàn fi ń ka oókan dé ogún. Ojú mi wà lára abẹ́rẹ́. Ó kúrò ní ibi tó ju 1 lọ díẹ̀, ó ń gòkè. Kó tó dé 2, ó já lulẹ̀ sí apá òdo, ó tún fò padà sókè, ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí dé 4 àti díẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà máa dá a padà. Láti 4 wá sílẹ̀, abẹ́rẹ́ tẹ́jú. Nígbà tó dé ibi kan náà yẹn, ó tún já. A ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi kan náà ni. Wáyà tó bá ń já kì í yan ibi kan náà bẹ́ẹ̀ nítorí throttle yí. Kábọ́ọ̀nù tó ti jẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo di wáyà náà mú, mo mì ín lápá méjèèjì nígbà tí throttle dúró sójú kan. Abẹ́rẹ́ kò mì.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Tún un ṣe kí n wò ó.” Ó wò ó tán, ó ní, “Àbúrò, gbogbo owó púlọ́ọ̀gì yẹn.” Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń yá mítà yìí lọ́wọ́ mi, inú mi sì ń dùn láti yá a.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ìgbóná: àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà tí abẹ́rẹ́ kò ní já lára wọn láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù. Tí alùpùpù yín bá ń ṣe wàhálà nígbà tó bá gbóná nìkan, ẹ gùn ún kó gbóná dáadáa kẹ́ẹ tó gbé mítà sí i, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ díẹ̀ láti òkèèrè. Ike ni, ẹ má sún un mọ́ ọn jù. Tèmi tiẹ̀ já nígbà tó tutù, ó wá burú sí i nígbà tó gbóná.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí mítà yìí kò dé. Má fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá ìwọ̀n tó péye. Lórí ipò fóòtì 10, ìlà kékeré kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 0.2, èèyàn kò sì lè fi ojú ya 1.1 sọ́tọ̀ kúrò lára 1.2. Tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, á tún ṣì yín lọ́nà sí i. Ojú gbọ́dọ̀ wà ní iwájú rẹ̀ gangan. Nítorí náà, mítà onínọ́ńbà ni mo fi mọ ìwọ̀n òpin méjèèjì, alábẹ́rẹ́ ni mo fi wo ìrìn àárín. Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mítà alábẹ́rẹ́ kò ní fa iná jù, kó sì yí ìròyìn sẹ́ńsọ̀ padà. Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí wọ́n kọ sí ojú tèmi ni 20 kΩ (kílóòmù, ìwọ̀n ìdènà iná) fún fóòtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé lórí ipò fóòtì 10, ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ 200 kΩ. Ìdènà inú sẹ́ńsọ̀ yìí kò ju kΩ mélòó kan lọ. Ìyàtọ̀ tó máa mú wá kéré débi pé abẹ́rẹ́ kò ní fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé irú mítà yìí sí ara sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà nínú páìpù èéfín. Ìròyìn ìyẹn kò lágbára, mítà yìí máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Onínọ́ńbà ni kẹ́ẹ lò níbẹ̀.

Ẹ má sì gbé ipò óòmù rẹ̀ sí ara brain box láé. Ipò óòmù máa ń ti iná bátìrì ara rẹ̀ jáde, èyí tó wà ní ×10k nínú tèmi sì ń lo bátìrì fóòtì 9. Sẹ́ńsọ̀ tí ẹ ti yọ kúrò lára alùpùpù nìkan ni kẹ́ẹ fi óòmù wò.

Ibi tí óòmù yẹn ti wúlò fún mi jù lọ ni ọjà. Mo lọ sí ìsọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù tòkunbọ̀, mo gbé mítà mi lọ́wọ́. Olùtajà kó sẹ́ńsọ̀ síwájú mi, gbogbo wọn mọ́ lójú, ó ti fi epo nù wọ́n. Mo gbé mítà sí ×1k, mo kan wáyà méjèèjì pọ̀, mo fi kọ́ńbù kékeré gbé abẹ́rẹ́ sí òdo. Lórí ojú óòmù, òdo wà lápá ọ̀tún, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Mo fi skúrúdíráfà kékeré máa yí inú sẹ́ńsọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Olùtajà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní bà á jẹ́ fún mi báyìí?”

Mo ní, “Rárá o, àbúrò. Wo abẹ́rẹ́ yìí pẹ̀lú mi.”

Láàárín ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì àti ẹsẹ̀ ìròyìn, ti DL650 yẹ kó lọ láti nǹkan bí 1.1 kΩ ní pípadé sí nǹkan bí 4.3 kΩ ní ṣíṣí tán. Lórí ×1k, ìrìn yẹn kúrú, apá ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀ wà. Àmọ́ tí kábọ́ọ̀nù bá ti já níbì kan, abẹ́rẹ́ á fò lọ sí apá òsì pátápátá, kò sí bí èèyàn ṣe máa fo ìyẹn dá. Èyí tí mo kọ́kọ́ mú fò bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e náà fò. Olùtajà yẹn kò bínú, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó gbé wọn sọ́tọ̀, ó sì kó èyí tó kù wá pé kí n bá òun wò wọ́n. Èyí tí mo rà níkẹyìn rìn láti òpin dé òpin láìmì. Iye tí ó pè ni mo fún un, mi ò dúnàá dúrà rárá, torí pé ó jẹ́ kí n wò ó. Ó wù mí kí gbogbo ìsọ̀ ẹ̀yà tòkunbọ̀ gbà kí oníbàárà gbé mítà wá. Ẹ̀yà oníná tí wọn kò jẹ́ kí èèyàn wò kó tó sanwó, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa máa rà á mọ́.

Dídè é mọ́ra kò nira, títò ó sí ipò ló gba sùúrù. Ìdè tó dì í mú ní orí Torx T25 (oníràwọ̀) tó ní ihò láàárín. Ẹ wá irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, ẹ má fi pílíásì jẹ orí rẹ̀. Suzuki fi ọ̀nà tó rọrùn sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó wà ní ipò rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àyẹ̀wò kan wà lábẹ́ ìjókòó. Tí ẹ bá so ẹsẹ̀ méjì tó yẹ pọ̀ nínú rẹ̀, C00 á hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ìlà kékeré kan níwájú rẹ̀. Tí ìlà náà bá wà lókè tàbí nísàlẹ̀, ipò kò tọ́. Àárín ló yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí sílò wà ní 1,300 rpm, ẹ tú ìdè yẹn díẹ̀, ẹ sún sẹ́ńsọ̀ títí ìlà á fi bọ́ sí àárín, ẹ dì í padà. Ìsún tíntín ni, bí ẹ bá fi agbára ṣe é, ìlà á fò kọjá. Tí ẹ bá dì í tán, ẹ tún wò ó, torí dídì náà lè sún un.

Láti ìgbà náà, V-Strom mi kò jẹ́ẹ̀kì mọ́. Ó ń dúró ní oríta láìkú, ó ń bá mi gun òkè Ìjàyè pẹ̀lú ọwọ́ throttle tó ṣí díẹ̀, tí ó tẹ́jú bó ṣe yẹ kó tẹ́jú. Ayọ̀ tí ìyẹn fún mi pọ̀.

Mítà náà fúnra rẹ̀ ní àbùkù. Wáyà tó bá a wá kò dára: ó le, ó kúrú, ẹnu irin rẹ̀ sì nípọn jù fún ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì alùpùpù. Mo ra wáyà tó rọ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó kílíìpù eléyín sí ẹnu rẹ̀, ó wá ń di píìnì mú fúnra rẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì sì ṣófo. Ike ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ààbò inú rẹ̀ kò pọ̀, fíúùsì kékeré kan ló ń dáàbò bò ó. Tí èèyàn bá gbàgbé rẹ̀ sí ipò óòmù tó wá gbé e sí bátìrì alùpùpù, fíúùsì á jó, tí Ọlọ́run bá ṣàánú, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Kò fẹ́ kó já bọ́ rárá. Abẹ́rẹ́ tó gbára lé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè fara da ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì, inú páálí rẹ̀ ni tèmi ń gbé, pẹ̀lú aṣọ lábẹ́. Mi ò sì ní gbé e sí iná ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé ó lè wọ̀n ọ́n. Irinṣẹ́ tó dára jù ú lọ wà fún ìyẹn.

Tí alùpùpù yín bá jẹ́ oníkabúrétọ̀ tí kò ní sẹ́ńsọ̀ kankan, ẹ kò nílò rẹ̀. Tí owó mítà kan ṣoṣo ló bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ra onínọ́ńbà tó dára, torí iṣẹ́ tó lè ṣe pọ̀ ju tèyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní onínọ́ńbà tẹ́lẹ̀, tó sì ń gun alùpùpù onínọ́sùlù tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, kó fi èyí kún un. Mẹkáníìkì tó bá ń tọ́jú irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é láìní i.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ gbé e dùbúlẹ̀ lórí kántà kẹ́ẹ tó sanwó. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi lórí òdo lápá òsì. Tí kò bá débẹ̀, ìdè kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí ẹ lè fi skúrúdíráfà yí. Ẹ gbé e sí ×1k, kan ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá kọ́ńbù kékeré yẹn lè gbé abẹ́rẹ́ dé òdo lápá ọ̀tún; tí kò bá dé ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì tuntun sí i, kẹ́ẹ tún wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sọ́wọ́, ẹ rọra yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tí abẹ́rẹ́ bá há níbikíbi, ẹ dá a padà, ẹ mú òmíràn.